Láti Orí Àga Mánéjà Dé Ẹ̀gbẹ́ Ibùsùn Aláìsàn

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó lè ka Yorùbá yìí, ẹ má jẹ́ kó sú yín. Nígbà tí àwọn tó ń ṣètò ìwé ìròyìn wa ní kí tọkọtaya kan kọ nǹkan nípa bí wọ́n ṣe fi iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ nílé sílẹ̀ tí wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ ìlera, àwa ni gbogbo ojú wò. A rẹ́rìn-ín, a ní ó tì. Ìgbà tí a délé la wá rò ó pé àwọn ọmọ tiwa gan-an ò mọ ìdajì ìtàn náà. Ìdí nìyẹn tí a fi jókòó sídìí tábìlì, tí ẹnìkan ń sọ, tí ẹnìkejì ń kọ, tí a sì ń bá ara wa jiyàn lórí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ẹnìkan ṣoṣo nínú wa, Bàbá Ilé tàbí Ìyá Ilé la ó pè é.

Kí a tó dé Houston níhìn-ín, ọdún 16 ni Bàbá Ilé fi ṣiṣẹ́ báǹkì ní Ìbàdàn. Ẹ̀yìn káńtà ló ti bẹ̀rẹ̀, tó ń ka owó títí ìka ọwọ́ rẹ̀ fi ń dúdú, kó tó di mánéjà ẹ̀ka. Ní àdúgbò wa, wọn ò pe orúkọ rẹ̀ mọ́. "Mánéjà" ni ọmọdé ń pè é, "Mánéjà" ni àgbà ń pè é. Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ oníkòkó tó ta ilẹ̀ kan kí ọmọ rẹ̀ tó lè wọ yunifásítì, ti di "Bàbá Mánéjà" ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Ilé ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ìyá wọn a sì máa fún un ní èènì lọ́jà. Ayé ò burú.

Ní oṣù keje ọdún 2004, gómìnà báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo, kéde pé gbogbo báǹkì gbọ́dọ̀ ní owó ìpìlẹ̀ tó bílíọ̀nù 25 náírà kí ọdún 2005 tó parí. Bílíọ̀nù méjì ni òfin béèrè tẹ́lẹ̀. Báǹkì 89 ló wà. Nígbà tí gbèdéke pé, 25 ló ṣẹ́ kù. Àwọn kan dàpọ̀, àwọn kan wọlẹ̀. Níbi tí báǹkì méjì bá sì ti di ọ̀kan, mánéjà méjì ò lè jókòó sórí àga kan. Oorun ò kun ojú wa mọ́. Ní àárín wàhálà yìí ni lẹ́tà dé pé a jẹ lọ́tìrì fíísà Amẹ́ríkà. (Ẹ̀yin ọmọ lè má mọ lọ́tìrì yìí. Láti orí ètò ọdún 2015 ni wọ́n ti yọ Nàìjíríà kúrò nínú rẹ̀, wọ́n ní a ti pọ̀ jù níbí.) A gúnlẹ̀ ní oṣù kẹta 2006 pẹ̀lú ọmọ méjì, ọ̀kan ọmọ ọdún méje, èkejì ọmọ ọdún mẹ́ta, àti àpótí mẹ́rin. Bàbá Ilé kó páálí káàdì méjì sínú ọ̀kan nínú àwọn àpótí náà, káàdì pélébé tí wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀, ipò rẹ̀ àti àmì báǹkì sí. Ìyá Ilé bi í pé kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe ní Amẹ́ríkà. Ó ní ẹnìkan lè béèrè.

Kò sẹ́ni tó béèrè. Ìwé ìwáṣẹ́ tó kọ ò lóǹkà. Àwọn díẹ̀ dá a lóhùn, wọ́n ní ìrírí rẹ̀ dára púpọ̀ ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ibí. Ó wá di ẹni tó ń gba owó ní ilé epo lóru, nínú gíláàsì tí ọta ìbọn ò lè wọ̀. Ọmọ wa àgbà bi í lọ́jọ́ kan pé, "Dádì, ṣé báǹkì kékeré nìyẹn?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́ kan, níbi tí a ti ń jẹun, ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ ẹnjiníà nílé, tó ti di nọ́ọ̀sì níbí, fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Mánéjà, ẹ dìde láago mẹ́fà àárọ̀ ọ̀la, ẹ lọ dúró sí ojú ọ̀nà tó lọ sí Texas Medical Center, kí ẹ wo ibi tí mọ́tò ń wọ́ lọ." Àkójọ ilé ìwòsàn tí wọ́n ní ó tóbi jù lágbàáyé ni ibẹ̀ yẹn. Inú bí Bàbá Ilé gan-an. Fún ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ obìnrin ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Èyí tó tún le jù ni ohun tí àwọn ènìyàn wa máa ń sọ tẹ̀rín-tẹ̀rín nípa àwọn tó wà lókè òkun, pé ìdí arúgbó ni wọ́n ń nù. Ní ọjọ́ kẹrin ó dìde láago márùn-ún, ó sì lọ dúró síbẹ̀ lóòótọ́.

Ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2007, gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, èyí tí wọ́n ń pè ní CNA. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní wákàtí 75, ó kéré tán, lèèyàn gbọ́dọ̀ fi kọ́ ọ. Owó àjọ tí Ìyá Ilé kó la fi san án. Wọ́n ń kọ́ni bí a ṣe ń tẹ́ ibùsùn tí aláìsàn ṣì wà lórí rẹ̀, bí a ṣe ń yí èèyàn láì fi ẹ̀yìn ara ẹni jó o, bí a ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, bí a ṣe ń fọ eyín àtọwọ́dá. Nígbà tó ṣe tán, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan gbà á.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Wọ́n ní kó wẹ bàbá kan tó ti lé ní ẹni 80 ọdún. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé nílé wa, ọmọ kì í dédé rí ìhòòhò bàbá rẹ̀. Bàbá Ilé mú aṣọ ìnura lọ́wọ́, ó dúró, kò mọ ibi tí yóò fi ojú sí. Obìnrin ará Haiti kan tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà tipẹ́ rí i, ó rọra wọlé, ó sì kọ́ ọ bí ẹni ń kọ́ àbúrò rẹ̀. Kọ́kọ́ sọ ohun tí o fẹ́ ṣe fún wọn kí o tó fọwọ́ kàn wọ́n. Wo bí omi ṣe gbóná sí. Bò wọ́n láti òkè délẹ̀, ibi tí o bá ń fọ̀ lọ́wọ́ nìkan ni kí o ṣí, kí o sì bò ó padà kí o tó ṣí òmíràn. Ojú ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, láìfi ọṣẹ sí i, láti ẹ̀gbẹ́ imú lọ sí ẹ̀gbẹ́ etí. Bàbá Ilé ní ohun tó ya òun lẹ́nu nìyẹn: gbogbo ètò yẹn, kí ìhòòhò àgbà má baà hàn ni. Àṣà wa gan-an ni wọ́n ń fi ọ̀nà mìíràn pa mọ́. Bàbá tó ń wẹ̀ kò mọ̀ pé ẹnìkan ń ronú lórí òun. Ohun tó sọ ni pé omi náà ti tutù jù.

Síbẹ̀, nígbà tó délé, ó sunkún nínú mọ́tò kó tó wọlé. Ìyá Ilé bá a níbẹ̀. Ó jẹ́ kó sunkún tán, ó wá ní, "Ta ló ń wẹ àwọn ọmọ wa láti ọjọ́ tí a ti bí wọn? Ṣé ẹ̀yin ni? Ẹ ò sì sọ fún mi rí pé iṣẹ́ yẹpẹrẹ ni mò ń ṣe." Kò rí èsì fọ̀. A ṣì ń jiyàn lórí bóyá ohun tó yẹ kó sọ ní àkókò yẹn nìyẹn. Ìyá Ilé ní òun á tún sọ ọ́.

Ohun tí a ò fẹ́ràn láti sọ ni irọ́ tí a pa sílé. Nígbàkígbà tí bàbá rẹ̀ bá béèrè iṣẹ́ lórí fóònù, èsì wa ni pé "Ó ń lọ dáadáa, sà." A ò sọ pé báǹkì ni, a ò sì sọ pé kì í ṣe báǹkì. Irọ́ náà ń dàgbà fúnra rẹ̀. Nígbà tó yá, bàbá ní kí wọ́n bá ọmọ ẹ̀gbọ́n òun kan wá iṣẹ́ sí báǹkì yẹn ní Houston.

Ìjì Ike ló tú àṣírí wa. Ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án 2008 ló kọlu ìlú yìí, ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó lé ní mílíọ̀nù méjì ni iná lọ níbẹ̀. Bàbá Ilé wà lára àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n dúró ti àwọn arúgbó, odidi ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi wálé. Inú òkùnkùn la wà pẹ̀lú àwọn ọmọ, tí à ń gbọ́ ìròyìn nínú rédíò mọ́tò, nígbà tí a gbọ́ ní ọjọ́ kẹta ìjì náà pé ilé ìfowópamọ́ ńlá Lehman Brothers ní New York ti kógbá sílé. Ọjọ́ 15 oṣù yẹn ni. A wo ara wa nígbà tó dé. Àwọn báǹkì tí kò gbà wá ti ń lé àwọn tí wọ́n gbà.

Nígbà tí fóònù padà bọ̀ sípò, bàbá pè láti Ìbàdàn. Wọ́n ti gbọ́ nípa ìjì lórí rédíò. Wọ́n ní, "Ṣé afẹ́fẹ́ ò gbé báǹkì yín lọ?" Ó ti rẹ Bàbá Ilé, kò lè pa irọ́ kankan mọ́. Ó ní, "Bàbá mi, kì í ṣe báǹkì. Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fún wọn lóúnjẹ." Ìlà náà dákẹ́ títí a fi rò pé owó káàdì ti tán.

Bàbá wá béèrè, "Àwọn ọmọ wọn ńkọ́?"

"Wọ́n wà níbòmíràn, sà. Wọ́n ń ṣiṣẹ́."

"Bíi tìẹ náà nìyẹn."

Kò sí ìbínú nínú ohùn wọn rárá, ìyẹn ló sì jẹ́ kó dunni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ṣé o ń wẹ̀ wọ́n dáadáa?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n ní ó dára. Ọ̀rọ̀ pin síbẹ̀.

Ní gbogbo ìgbà yìí, ó ti ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì nírọ̀lẹ́. Wọ́n yẹ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ láti ilé wò, wọ́n gba díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ nípa ẹ̀yà ara àti bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, apá kìíní àti apá kejì, àti ti kòkòrò àìfojúrí, dandan ni kó ṣe wọ́n kí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó wo ojú rẹ̀. Ó ti ju 20 ọdún lọ tó ti fọwọ́ kan ìwé bàólọ́jì. Máàkì 58 ló gbà nínú ìdánwò àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ ọdún 19 tí wọ́n jọ jókòó ń pè é ní orúkọ rẹ̀ gán-ań-gán, láìsí "ẹ" láìsí "sà", ó sì ní òun fẹ́ràn ìyẹn ju bí òun ṣe rò lọ.

Ibẹ̀ ni páálí káàdì ti wúlò. Ọmọ wa àgbà, tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá nígbà náà, rí wọn nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀yìn káàdì mọ́ lóló, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ eegun sí i, ọ̀kan sí káàdì kan, nítorí 206 ni eegun àgbàlagbà. Alẹ́ alẹ́ ni yóò máa na káàdì sí bàbá rẹ̀ bí tíṣà. Bàbá rẹ̀ yóò sọ ti Gẹ̀ẹ́sì, òun náà yóò ní kó sọ ti Yorùbá kó tó fi káàdì sílẹ̀: agbárí, eegun ìhà, eegun itan. Nígbà tí eegun tán, wọ́n kọjá sí ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró, kíndìnrín, òróòro. Ibi tí ọmọ yẹn ti kọ́ Yorùbá tó gbọ́ jù nìyẹn, ó gbọ́ orúkọ inú ara èèyàn kó tó gbọ́ orúkọ ẹran inú ọbẹ̀.

A wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní oṣù kẹjọ 2009. A ní "a wọ̀" nítorí gbogbo ilé ló wọ̀ ọ́. Ìyá Ilé ń tọ́jú ọmọ ọwọ́ ní ilé ìtọ́jú ọmọdé láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ó tún ń lọ jókòó ti ìyá arúgbó kan nílé wọn lópin ọ̀sẹ̀. Ìwé àṣẹ tíṣà tirẹ̀ tó yẹ kó gbà, ó gbé e tì. Ọdún 2013 ló tó rí i gbà. Ká má parọ́, a jà. Bàbá Ilé á jí, á kàwé. Á jẹun, á kàwé. Lálẹ́ ọjọ́ kan Ìyá Ilé kó gbogbo ìwé náà, ó lọ tì wọ́n mọ́ inú búùtù mọ́tò. Ó ní, "Èmi ò fẹ́ ìwé, ọkọ ni mo fẹ́." Ẹ̀yin tọkọtaya tó ń gbèrò ọ̀nà yìí, ẹ jókòó ka iye wákàtí tó wà nínú ọ̀sẹ̀ yín kí ẹ tó ka iye owó. Àwa ò ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì kù díẹ̀ kó tú wa ká.

Iṣẹ́ báǹkì ò ṣòfò. Ìṣirò oògùn tó ń mú àwọn ọ̀dọ́ kíláàsì wọn láyà já, eré ọmọdé ni lójú rẹ̀. Ohun kan sì pa á lẹ́rìn-ín. Àwọn oògùn ìrora tó lágbára, inú àpótí àgádágodo ni wọ́n wà, nígbà tí iṣẹ́ bá sì yí, nọ́ọ̀sì méjì, ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀, ló gbọ́dọ̀ jọ kà wọ́n kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Bí hóró kan bá dín, ẹnikẹ́ni ò ní lọ sílé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe yàrá owó ní báǹkì nìyẹn, èèyàn méjì, kọ́kọ́rọ́ méjì.

Ní oṣù kejì 2011, nígbà tó ku oṣù mẹ́ta kó parí, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá nílé. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹnu wọn wọ́. Gbogbo ara Bàbá Ilé ń fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pàdánù ju ìwọ̀n kan lọ nínú iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn yóò tún gbogbo sáà náà ṣe. A sì ti yáwó. Kò lọ. Fóònù ló fi lọ. Ó ń kọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin ní ohun tí obìnrin ará Haiti yẹn kọ́ ọ: ẹ yí wọn padà ní wákàtí méjì méjì, kí ẹ̀yìn wọn má baà dégbò, ẹ fi ìrọ̀rí sí àárín orúnkún wọn, ẹ gbé wọn jókòó dáadáa kí ẹ tó fún wọn lóúnjẹ, kí wọ́n tẹ àgbọ̀n wá sílẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e mì. Ẹ má fún wọn ní omi ṣàn-án, á ṣì ọ̀nà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fún wọn ní ògì tó ki, ṣíbí kékeré kékeré. Àbúrò rẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sára ògiri. Nígbà tí bàbá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ padà, bí ó tilẹ̀ ń wọ́, àwọn tó wá kí wọn ní wọ́n máa ń ní, "Ẹ dúró ná, ó ti tó wákàtí méjì. Nọ́ọ̀sì mi ní Amẹ́ríkà ní kí ẹ yí mi."

Ìdánwò ìwé àṣẹ, NCLEX, ó ṣe é ní oṣù keje ọdún yẹn. Kọ̀ǹpútà ló ń dá a ṣe, bí o bá ṣe ń dáhùn ló ṣe ń yan ìbéèrè tó kàn. Nígbà náà, ìbéèrè 75 ló kéré jù, 265 ló pọ̀ jù. (Láti oṣù kẹrin 2023 ó ti di 85 sí 150.) Ní ìbéèrè 75 gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹpútà kú mọ́ ọn lójú. Ìyẹn lè jẹ́ pé o yege dáadáa, ó sì tún lè jẹ́ pé o kùnà pátápátá. Ọjọ́ méjì la fi dúró. Ìyá Ilé ló kọ́kọ́ rí èsì náà. Ó pariwo tí ọmọ kékeré fi bẹ̀rẹ̀ sí sunkún.

Ní oṣù kejìlá ó lọ sílé. Ìdákẹ́jẹ́ ni ó fi wẹ bàbá rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tó dé. Ó bò wọ́n, ó ń ṣí díẹ̀ díẹ̀, ojú ló ti bẹ̀rẹ̀, láìfi ọṣẹ sí i. Bàbá ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ lo ṣe ń ṣe é fún wọn?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò, ojoojúmọ́ ló sì ń wẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yìn wọn ò ní egbò kankan. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti báǹkì wá kí i. Báǹkì náà ti dàpọ̀ mọ́ òmíràn, orúkọ rẹ̀ ti kúrò lára ògiri. Ọ̀rẹ́ yìí wò yíká, ó fa Bàbá Ilé sẹ́yìn ilé, ó ní, "Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yẹn?" Oṣù kẹwàá 2012 ni bàbá sùn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ sọ, bí yóò tilẹ̀ bí àwọn kan nínú. Nínú ẹgbẹ́ wa yìí, gbogbo ọmọ tó bá ti yege ni à ń tì sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, bí ẹni ń da adìẹ wọ ilé. Bàbá Ilé ti bá àwọn kan ṣiṣẹ́ tó jẹ́ pé nítorí owó nìkan ni wọ́n ṣe wà níbẹ̀, aláìsàn sì máa ń mọ̀ ọ́n lára ọwọ́ tó bá kàn án. Ní ọdún 2020, nígbà tí kòrónà dé tí wọn ò jẹ́ kí ẹbí wọlé, òun ló ń gbé fóònù sí etí àwọn tó ń lọ, kí àwọn ọmọ wọn níbòmíràn lè bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n fi ipá mú wọ iṣẹ́ ò lè ṣe ìyẹn.

Ọmọ wa àgbà ti parí ilé ẹ̀kọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ báǹkì ló ń ṣe. Èyí àbúrò ló ń kọ́ iṣẹ́ fisiotẹ́rápì. Ní oṣù tó kọjá ó wá béèrè páálí káàdì tó kù. A fún un. Ó yí ọ̀kan padà, ó ka orúkọ bàbá rẹ̀ àti ipò mánéjà tó wà níwájú, ó béèrè pé ṣé àwọn eegun náà ṣì pé. A ní kó lọ kà wọ́n, 206 ni.